Bí Ògiri Kò Bá Lanu: Ìtàn Àwòṣe Lílà Àpáta àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ fún Ilẹ̀ Bítúmẹ́nì Àgbàbú

1.0 Ìfáárà

Bí ènìyàn bá gbẹ́ kànga ní Palmgrove, ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìkòròdú ní agbègbè Ṣómólú, kì í pẹ́ kí ó tó kan omi. Ilẹ̀ ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Bàrígà tí ó lọ kan etí ọ̀sà, jẹ́ iyanrìn àti amọ̀ tí wọ́n tẹ́ lé ara wọn ní ìpele-ìpele. Omi òjò a máa gba àárín iyanrìn wọlẹ̀, a sì máa gba ibẹ̀ dé inú kànga láìsí pé ẹnikẹ́ni tì í. Ohun tí onílé Palmgrove ń bẹ̀rù ni kí omi kànga rẹ̀ má mọ́. Kò bẹ̀rù pé kò ní rí i.

Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá jáde ní Èkó, tí ó kọrí sí Abẹ́òkúta, ilẹ̀ yóò yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Iyanrìn yóò tán, akọ òkúta yóò sì yọrí. Níbẹ̀, ènìyàn lè gbẹ́ kànga wọ inú àpáta kí ó má rí ẹ̀kán omi kan, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń fa omi láti inú kànga tí kò jìnnà sí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta kan náà ni àwọn méjèèjì gbẹ́. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé kànga aládùúgbò bọ́ sórí pàlàpálá àpáta, tí kànga ti ẹnì kejì kò sì bọ́ sí i.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Láti nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn ẹ̀dá ti ń gbìyànjú láti fi ipá la ògiri náà, kí omi, epo tàbí gáàsì tí ó há mọ́ inú àpáta lè jáde. Wọ́n fi ẹ̀tù là á, wọ́n fi ásíìdì là á, níkẹyìn wọ́n fi omi tí ẹ̀rọ ń tì là á. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá ń ṣe àwòṣe oníṣirò tí yóò sọ fún wọn ibi tí pàlàpálá náà yóò gbà àti ibi tí yóò gùn dé.

Ìtàn àwọn àwòṣe wọ̀nyí ni àpilẹ̀kọ yìí tọpa rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń lé kiri: nígbà tí a bá fi omi ti àpáta títí tí ó fi sán, ta ni ó ń yan ibi tí yóò ti sán? Ṣé ẹni tí ó ń tì í ni, àbí ilẹ̀ fúnra rẹ̀? Àlàyé tí yóò tẹ̀lé e yóò fi hàn pé ilẹ̀ ni ó ń yàn, àti pé èyí ṣe pàtàkì fún ìlú Àgbàbú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní etí odò Olúwa, níbi tí bítúmẹ́nì, èyíinì ni ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀, ti ń yọ sójú ilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

2.0 Ilẹ̀ tí ó ń gba omi kọjá àti ilẹ̀ tí ó há

Oríṣi ilẹ̀ méjì pàtàkì ni ó wà ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Èkíní ni ilẹ̀ akọ òkúta, tí ó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀ àti Ìdànrè kọjá. Lábẹ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí pẹ̀lú Ṣódẹkẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1830, tí orúkọ ìlú wọn fi di Abẹ́òkúta. Èkejì ni ilẹ̀ ìpele, tí omi òkun àti odò kó jọ díẹ̀díẹ̀ ní ayé àtijọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù ìlà oòrùn Gánà, ó gba Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó sì wọ Nàìjíríà dé ìhà Òkìtìpupa. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é ní agbada Dahomey.

Àwọn ìpele agbada yìí ní orúkọ, orúkọ ìlú àti abúlé ni wọ́n sì fi sọ púpọ̀ nínú wọn. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ó jókòó lórí akọ òkúta, ni ọ̀wọ́ Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1981, Omatsola àti Adégòkè pín in sí mẹ́ta: Ise, Afowo àti Araròmí. Lórí wọn ni òkúta ẹfun Ewékorò wà, èyí tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò ti ń lò láti ọdún 1960. Lẹ́yìn náà ni àpáta amọ̀ Akínbọ̀, ìpele Òṣóṣùn àti ti Ìlárò, kí ó tó wá kan iyanrìn òkè pátápátá, irú èyí tí ó wà lábẹ́ Èkó. Àwọn ìpele wọ̀nyí dagun sí gúúsù. Ohun tí ó hàn sójú ilẹ̀ ní òkè lọ́hùn-ún ti wọlẹ̀ jìnnà kí ó tó dé abẹ́ Èkó.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó fi ìṣirò sọ bí omi ṣe ń gba inú ilẹ̀ kọjá ni Henry Darcy, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó fa omi wọ ìlú Dijon. Ní ọdún 1856, ó tẹ àbájáde ìdánwò rẹ̀ jáde. Ó da omi gba inú iyanrìn tí ó kó sínú ọ̀pá gígùn, ó sì rí i pé bí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín agbára omi lókè àti nísàlẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni omi tí ń kọjá ṣe ń pọ̀ tó, àti pé oríṣi iyanrìn kọ̀ọ̀kan ní bí ó ṣe ń gba omi láyè tó. Bí Darcy bá gbẹ́ kànga ní Palmgrove, ìṣirò rẹ̀ yóò bá a mu.

Àpáta tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé yàtọ̀ sí iyanrìn Darcy. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, àpáta híhá ni orúkọ rẹ̀: àpáta tí ihò inú rẹ̀ kéré tàbí tí àwọn ihò náà kò já sínú ara wọn, débi pé omi kì í tètè gbà á kọjá. Akọ òkúta jẹ́ àpáta híhá. Àpáta amọ̀ pẹ̀lú jẹ́ àpáta híhá, bí ó tilẹ̀ lè mu omi púpọ̀ sínú. Ó dà bí ahun tí ó lówó lọ́wọ́ tí kò ná an. Nínú irú àpáta bẹ́ẹ̀, pàlàpálá ni ọ̀nà. Ìṣirò sì fi hàn pé bí ẹnu pàlàpálá bá fẹ̀ di ìlọ́po méjì, tí agbára tí ń ti omi kò sì yí padà, omi tí yóò gba ibẹ̀ kọjá yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Nítorí náà, ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú fífẹ̀ pàlàpálá tó láti yí kànga gbígbẹ padà sí kànga olómi.

3.0 Àgbàbú, 1907 sí 1914

Kí epo tó jáde ní Olóìbírí ní ọdún 1956 ni wọ́n ti ń wá epo ní ilẹ̀ Yorùbá. John Simon Bergheim, oníṣòwò kan, dá ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation sílẹ̀, ó sì rí ojú rere Walter Egerton, gómìnà Gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin nípa wíwa epo, tí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ìhà Òkìtìpupa àti Araròmí. Ní ọdún 1910 ni wọ́n gbẹ́ kànga kan ní Àgbàbú tí a mọ̀ sí NBC-7. Bítúmẹ́nì ń rú jáde lẹ́nu kànga náà di ìsinsìnyí.

Epo tí ń ṣàn bí omi ni Bergheim ń wá. Ọ̀dà tí ó ki ni ó rí jù. Kò sí ọgbọ́n tí wọ́n mọ̀ nígbà náà tí ó lè mú kí ohun tí ó ki bẹ́ẹ̀ ṣàn wá sínú kànga ní ìwọ̀n tí ó tó tà. Bergheim kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọdún 1912. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, iṣẹ́ dúró. Àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, kànga wọn sì kù sílẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé e. Nígbà tí Shell-BP rí epo ní Olóìbírí, gbogbo ojú yí sí ilẹ̀ ẹnu odò Ọya. Iyanrìn tí ó ṣù pọ̀ ní dẹ̀ngẹ́dẹ̀ngẹ́ ni epo ibẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì ń gba epo kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìṣòro àwọn ẹnjiníà ibẹ̀ ni bí iyanrìn kò ṣe ní bá epo wọ inú kànga. Wọn kò nílò àtila àpáta. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí ó ń ta epo fún gbogbo ayé kò ní ìdí láti kọ́ ọgbọ́n lílà àpáta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìmọ̀ tí Àgbàbú yóò nílò dàgbà sí ibòmíràn, lórí ilẹ̀ tí kò jọ ti Àgbàbú.

4.0 Láti orí ẹ̀tù dé orí omi

Lílà àpáta kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Àwọn afọ́kùúta a máa dáná sórí akọ òkúta kí ó lè sán, kí wọ́n tó fi òòlù fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ ni iná wọn ń jà dé. Ní Amẹ́ríkà, abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n fẹ́ là. Edward Roberts, tí ó ti jagun nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ju ẹ̀tù sínú kànga epo ní Pennsylvania ní ọdún 1865. Epo pọ̀ sí i ní ọ̀pọ̀ kànga, ṣùgbọ́n ẹ̀tù a máa fọ́ àpáta tí ó yí kànga ká nìkan. Kì í dé ọ̀nà jíjìn, a sì máa pa àwọn tí ń gbé e.

Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n ń da ásíìdì sínú kànga tí ó wà nínú òkúta ẹfun kí ó lè jẹ ẹ́. Nígbà náà ni àwọn kan ṣàkíyèsí pé bí agbára tí wọ́n fi ń ti ásíìdì náà bá dé ìwọ̀n kan, àpáta a kàn gbà á lójijì, bí ẹni pé ilẹ̀kùn ṣí. Floyd Farris, ti ilé-iṣẹ́ Stanolind, ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1947, ilé-iṣẹ́ náà ti epo pẹtiróòlù tí wọ́n mú kí ó ki sínú kànga gáàsì kan ní Hugoton, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Gáàsì kànga náà kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n wọn kò jáwọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1949, Halliburton fi ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún títà ní Oklahoma àti Texas.

Ohun méjì ni ó wà nínú ọgbọ́n yìí. Èkíní ni omi tí a fi ẹ̀rọ tì títí agbára rẹ̀ fi borí ìfúnpọ̀ tí ilẹ̀ fún àpáta. Èkejì ni iyanrìn tí a pò mọ́ omi náà, kí ó lè kù sínú pàlàpálá lẹ́yìn tí omi bá ti padà, bí ìgbà tí ènìyàn fi òkúta há ẹnu ilẹ̀kùn kí ó má baà padé. Láìsí iyanrìn, ìfúnpọ̀ ilẹ̀ yóò pa pàlàpálá náà dé.

5.0 Bí àwọn àwòṣe ṣe bẹ̀rẹ̀

Kò sí ẹni tí ó lè wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ wo pàlàpálá nígbà tí ó ń gùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi nílò àwòṣe. Ìmọ̀ mẹ́ta ni ó pàdé kí èyí tó lè ṣeé ṣe.

Ìmọ̀ èkíní jẹ́ ti bí ohun líle ṣe ń sán. Ní ọdún 1921, A. A. Griffith, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ìdí tí dígí fi máa ń fọ́ kí agbára tí ó ń fà á tó pọ̀ tó bí ìṣirò ti wí. Ó ní sísán kéékèèké tí ojú kò rí ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣóńṣó wọn sì ni agbára ń kó jọ sí. Ìmọ̀ kejì jẹ́ ti bí ẹnu pàlàpálá ṣe ń fẹ̀ bí a bá tì í láti inú. Ian Sneddon, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi ìṣirò rẹ̀ hàn ní ọdún 1946. Ìmọ̀ kẹta jẹ́ ti omi: bí ó ṣe ń sáré nínú àlàfo tóóró, àti bí díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ń jò wọ ara àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ní ọdún 1957, R. D. Carter fi ìṣirò bí ó ṣe ń jò lélẹ̀.

Ní ilẹ̀ Sófíẹ̀tì, Khristianovich àti Zheltov so àwọn ìmọ̀ wọ̀nyí pọ̀ ní ọdún 1955. Láti ìgbà náà, ìbéèrè mẹ́rin ni àwòṣe kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dáhùn ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan: báwo ni ẹnu pàlàpálá ṣe fẹ̀ tó, báwo ni omi ṣe ń rìn nínú rẹ̀, èló nínú omi náà ni ó ti jò, ǹjẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ yóò sún síwájú? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí so kọ́ra. Bí ẹnu bá fẹ̀, omi yóò rọrùn láti kọjá. Bí omi bá rọrùn láti kọjá, agbára yóò dé ṣóńṣó. Bí ṣóńṣó bá sún, àyè tuntun tí omi lè jò gbà yóò ṣí, agbára yóò sì dín kù. A kò lè dáhùn ọ̀kan kí a fi ìyókù sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ìṣirò gígùn àti fífẹ̀ tó wúlò, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìhà tí pàlàpálá náà kọjú sí. Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ ni ó gbà pé ńṣe ni omi ń gbé ìpele òkè sókè bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, tí pàlàpálá sì ń tẹ́ rẹrẹ. M. King Hubbert àti David Willis kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1957, wọ́n lo jẹ́látìn, ohun tí ó ń dì bí ẹ̀kọ tútù, wọ́n sì fún un láti ìhà kan ju ìhà kejì lọ. Wọ́n wá fi ọ̀pá ti ẹfun pípò, irú èyí tí àwọn oníṣègùn fi ń di egungun tí ó kán, sínú jẹ́látìn náà. Nígbà tí ẹfun náà gan, tí wọ́n wò ó, ibi kan náà ni pàlàpálá gbà nígbà gbogbo: ó ṣí sí ìhà tí ìfúnpọ̀ ti kéré jù lọ. Bí wọ́n bá yí ìfúnpọ̀ padà, pàlàpálá náà yóò yí padà. Ní ibi jíjìn lábẹ́ ilẹ̀, ìwúwo ìpele òkè pọ̀ púpọ̀, ìfúnpọ̀ tí ó kéré jù lọ sì sábà máa ń wá láti ẹ̀gbẹ́. Nítorí náà, pàlàpálá ibẹ̀ a máa dúró lóòró.

Níhìn-ín ni ìbéèrè àkọ́kọ́ ti rí ìdáhùn. Ẹni tí ó ń ti omi lè yan agbára, ó lè yan iye omi àti bí omi náà yóò ṣe ki tó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ó ń yan ọ̀nà.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àwòṣe tí ó gbajúmọ̀ jù jáde. Perkins àti Kern ṣe tiwọn ní ọdún 1961, Nordgren sì fi jíjò omi kún un ní 1972. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ wọn ni a fi ń pè é ní PKN. Geertsma àti de Klerk tún iṣẹ́ Khristianovich ṣe ní ọdún 1969, òun ni KGD. Ibi ìwádìí Shell ní ilẹ̀ Netherlands ni Geertsma ti ṣiṣẹ́. Ìdílé ilé-iṣẹ́ kan náà ni ó ń fa epo láti inú iyanrìn ẹnu odò Ọya ní àkókò yẹn, níbi tí wọn kò ti nílò àwòṣe náà.

PKN gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé gíga pàlàpálá kò yí padà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àpáta òkè àti ti ìsàlẹ̀ lágbára tó láti dá a dúró. Nínú kànga jíjìn ní Texas, ó lè rí bẹ́ẹ̀. Láti ìparí àwọn ọdún 1970, kọ̀ǹpútà ti mú kí ó ṣeé ṣe láti ṣe àwòṣe tí gíga rẹ̀ lè yí padà. Síbẹ̀, iye tí a bá kó sínú kọ̀ǹpútà nípa ìfúnpọ̀ àti líle àpáta ni yóò pinnu ohun tí yóò jáde. Àwòṣe kò lè mọ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n.

6.0 Ibi tí ilẹ̀ ti já àwòṣe kulẹ̀

Láti oṣù Kẹta ọdún 1962 di oṣù Kejì 1966, wọ́n ti omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ ológun sínú kànga kan tí ó ju 3,600 mítà lọ nítòsí Denver ní Amẹ́ríkà. Àpáta híhá ni ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní ọdún 1965, David Evans fi iye omi tí wọ́n ń tì wé iye ìgbà tí ilẹ̀ ń mì, ó sì fi hàn pé àwọn méjèèjì ń tọ ara wọn lẹ́yìn. Hubbert àti Rubey ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní 1959: omi tí ó wọ pàlàpálá àtijọ́ a máa dín agbára tí àpáta méjì fi di ara wọn mú kù, wọn a sì yọ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n èyí tí ó lágbára jù nínú ìmìtìtì náà ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1967, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń ti omi mọ́.

Ní Pohang, ní Kòríà Gúúsù, akọ òkúta ni wọ́n ti omi sí kí wọ́n lè rí ooru abẹ́ ilẹ̀ fi ṣe iná mànàmáná. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, ilẹ̀ mì níbẹ̀, ilé wó, ènìyàn sì farapa. Ní ọdún 2019, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn sọ pé omi tí wọ́n tì ni ó fà á.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ Àgbàbú jù wá láti Alberta ní Kánádà, níbi tí bítúmẹ́nì pọ̀ sí. Bítúmẹ́nì tí ó jìn ju èyí tí a lè wà láti ojú ilẹ̀ lọ nílò ooru kí ó tó lè ṣàn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń sè omi di ooru, tí wọ́n sì ń tì í wọlẹ̀. Ní Cold Lake, agbára tí wọ́n fi ń tì í a máa kọjá èyí tí ó ń la àpáta. Ní ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ní Joslyn Creek, ooru náà la ìpele tí ó bo bítúmẹ́nì mọ́lẹ̀, ó sì bú jáde sójú ilẹ̀, tí kòtò ńlá fi ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ní ọdún 2013, ní Primrose, bítúmẹ́nì rọra ń yọ sójú ilẹ̀ ní ibi mélòó kan, èyí tí ó wà lábẹ́ omi adágún kan nínú. Wọ́n ní àwòṣe, wọ́n sì ní owó. Ìpele tí ó bo bítúmẹ́nì ni wọn kò mọ̀ tó.

Nàìjíríà pàápàá ní ẹ̀rí pé pàlàpálá inú akọ òkúta kò kú. Ilẹ̀ mì ní ìhà Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, ó mì ní Mpape ní Àbújá. Bí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ti omi sí bá lè mì bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ti omi sí i kọ́kọ́ bèèrè ọ̀nà.

7.0 Ohun tí ìtàn yìí sọ fún Àgbàbú

Lẹ́yìn tí Bergheim lọ, Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, ni ó padà tọ bítúmẹ́nì yìí lọ. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ṣáájú wọn, gbẹ́ ilẹ̀ Àgbàbú wò, wọ́n sì fi ìròyìn wọn lélẹ̀ ní ọdún 1980. Inú iyanrìn Afowo ni bítúmẹ́nì náà wà jù, lábẹ́ àpáta amọ̀ àti iyanrìn mìíràn. Àgbéǹde tí ilẹ̀ bítúmẹ́nì náà gbà kọjá nínà tó 120 kìlómítà, láti Ìpínlẹ̀ Ògùn dé Ẹdó. Iṣẹ́ yìí ni ìpìlẹ̀ ohun tí a mọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ooru fa èyí tí ó jìn nínú bítúmẹ́nì náà, ìtàn tí a ti sọ fi ohun mẹ́ta hàn. Èkíní, Àgbàbú kì í ṣe Texas. Bítúmẹ́nì ibẹ̀ sún mọ́ ojú ilẹ̀, nítorí náà ìwúwo tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kéré. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ìfúnpọ̀ tí ó kéré jù lè jẹ́ èyí tí ó ń bọ̀ láti òkè. Pàlàpálá lè tẹ́ bí ẹní, kí ó gbé ilẹ̀ sókè, kí ó sì wá ọ̀nà jáde. Èrò tí Hubbert àti Willis ta kò nípa ibi jíjìn lè jẹ́ òtítọ́ ní ibi tí kò jìn, òfin wọn kan náà ni yóò sì mú un jẹ́ òtítọ́.

Èkejì, ohun tí PKN gbà láìwádìí ni ohun tí ará Àgbàbú nílò láti mọ̀: ǹjẹ́ àpáta amọ̀ òkè yóò dá pàlàpálá dúró? Odò Olúwa àti àwọn kànga ni omi àwọn ènìyàn ibẹ̀. Bí pàlàpálá bá so ìpele bítúmẹ́nì pọ̀ mọ́ ìpele omi, kò sí ẹ̀rọ tí yóò tún un pa dé. Ọ̀nà láti dáhùn ìbéèrè yìí wà. A lè ti omi díẹ̀ sínú kànga ìdánwò títí àpáta yóò fi sán díẹ̀, kí a sì dá ẹ̀rọ dúró, kí a wo agbára tí ó kù nígbà tí pàlàpálá náà ń pa dé. Agbára yẹn ni ìwọ̀n ìfúnpọ̀ tí ó kéré jù níbẹ̀. Ìdánwò yìí yẹ ní ìpele bítúmẹ́nì àti ní ìpele tí ó bò ó, kí ìyàtọ̀ wọn lè hàn.

Ẹ̀kẹta, ó yẹ kí a wọn omi odò àti ti kànga kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bítúmẹ́nì ti ń yọ sójú ilẹ̀ ní Àgbàbú fúnra rẹ̀. Bí omi bá bàjẹ́ lọ́la, ilé-iṣẹ́ lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti wà, ará ìlú lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sì ní sí ìwé tí yóò là wọ́n. Ní Denver, àkọsílẹ̀ iye omi tí wọ́n tì ni ó jẹ́ kí Evans lè fi òtítọ́ hàn. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ kò ní ẹ̀rí.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti tọpa ìtàn lílà àpáta láti orí ẹ̀tù Roberts dé orí àwòṣe kọ̀ǹpútà. Ó ti fi hàn pé ìmọ̀ náà dàgbà ní ibi tí àpáta híhá ti fi ipá mú àwọn ènìyàn ronú, àti pé ìrọ̀rùn iyanrìn ẹnu odò Ọya kò jẹ́ kí Nàìjíríà ní ìdí láti tètè kọ́ ọ. Ó tún ti fi hàn pé àwòṣe kọ̀ọ̀kan gbé àṣà ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i lọ́wọ́, ẹni tí ó bá sì gbé e lọ sí ilẹ̀ mìíràn láìwọn ilẹ̀ náà ń fi odidi ìlú dá àbá.

Lójú onílé Palmgrove, tí omi ń bá nínú iyanrìn láìsí wàhálà, ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ibi jíjìn. Ṣùgbọ́n amọ̀ tí ó wà láàárín ìpele iyanrìn lábẹ́ ilé òun náà ni kò jẹ́ kí ìdọ̀tí òkè tètè dé omi ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni àpáta amọ̀ ń ṣe ní Àgbàbú: ó ń pààlà láàárín ohun tí kò yẹ kí ó pàdé. Òwe sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìtàn yìí fi kún un pé bí aláǹgbá bá tilẹ̀ ní agbára tó láti la ògiri, ògiri ni yóò yan ibi tí yóò ti lanu, àwọn tí ń gbé inú ilé náà ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ibẹ̀.